Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nídìí fífún adìẹ ẹ̀yìnkùlé ní ekòló

Látìgbà tí owó oúnjẹ adìẹ ti fò sókè, àwọn kan ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ti ń sin ekòló sínú àpótí, wọ́n ń fi èèpo ewùrà àti ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bọ́ ọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ekòló ti jẹ kí adìẹ tó jẹ ẹ́ ni ká máa bèèrè.

Àṣìṣe tó burú jù ni kí èèyàn kó ìgbẹ́ adìẹ sínú àpótí, kó tún wá ṣa ekòló ibẹ̀ fún adìẹ kan náà. Ẹyin aràn wà nínú ìgbẹ́. Ekòló á gbé e mì, ọmọ aràn á lúgọ sínú ẹran ara rẹ̀, ó sì lè wà níbẹ̀ ju ọdún kan lọ láìkú. Aràn tí wọ́n ń pè ní Syngamus trachea, ọ̀nà ọ̀fun ló ń lẹ̀ mọ́. Ẹ ó rí òròmọdìẹ tó ń na ọrùn, tó ń yanu gbàgà, tí kò rí èémí mí dáadáa. Ọ̀pọ̀ á ní òtútù ló mú un, wọ́n á sáré lọ ra kápúsù pupa òun yẹ́lò tí gbogbo ayé ń rà. Kápúsù yẹn ò pa aràn o! Ẹ jẹ́ kí dókítà ẹranko yan oògùn aràn tó bá a mu.

Ẹni tó da tòlótòló pọ̀ mọ́ adìẹ tún gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jùyẹn lọ. Aràn Heterakis, tí ekòló náà máa ń gbé kiri, máa ń ru kòkòrò Histomonas. Adìẹ lè máa jẹ̀ kiri bí ẹni pé kò sí nǹkan kan, àmọ́ ẹ̀dọ̀ tòlótòló á bàjẹ́, ìgbẹ́ rẹ̀ á yẹ́lò bí imí ọjọ́, á sì kú.

Torí náà, àpótí méjì ni: ti ìgbẹ́ fún oko ẹ̀fọ́, ti èèpo àti ewé fún ekòló tí adìẹ máa jẹ.

Ẹ má gbẹ́ ekòló ní àkìtàn tàbí ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Erùpẹ̀ ló ń jẹ, òjé inú erùpẹ̀ sì ń wọ ara rẹ̀. Ará Ògíjo, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ò nílò àlàyé púpọ̀: lọ́dún 2025, àyẹ̀wò fi hàn pé òjé wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń gbé nítòsí ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ bátìrì ọkọ̀ àlòkù. Adìẹ tó bá jẹ òjé á gbé e sínú ẹyin, ẹyin ọ̀hún lẹ ó sì sè fọ́mọ.

Omi gbígbóná tó ń hó máa ń pa ọmọ aràn inú ekòló, nítorí náà ẹ bọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó fún wọn (adìẹ ò ní bèèrè ìdí). Àmọ́ kò lè yọ òjé. Ekòló tó ti kú tó ń rùn, ẹ dà á nù; ó lè ní májèlé tó ń jẹ́ kí ọrùn adìẹ rọ jọ̀wọ̀lọ̀.

Ẹ má sì sọ ekòló di oúnjẹ gan-an. Omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, kò sì ní ohun tó ń mú èèpo ẹyin le tó. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jẹ oúnjẹ wọn.

Tẹ́ ẹ bá fún wọn lóògùn aràn, ẹ ka ara páálí. Iye ọjọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀ pé kẹ́ ẹ má jẹ ẹyin, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má sì gbé e lọ tà ní ọjà Òkè-Ajé.