Mẹ́sééjì yín dàwátì lórí fóònù? Ibi tẹ́ ẹ máa wò rèé kẹ́ ẹ tó gbé e fún ẹnikẹ́ni

Ẹ̀yin èèyàn mi l'Óṣogbo, tẹ́ ẹ bá ṣí fóònù tẹ́ ẹ rí i pé áléètì báńkì tàbí mẹ́sééjì kọ́sítọ́mà ti dàwátì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ná. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni nǹkan ọ̀hún ò sọnù rárá, ó kàn wà níbi tẹ́ ẹ kì í dé ni. Ìkánjú ló máa ń pa mẹ́sééjì gan-an: ẹlòmíì á rísẹ́ẹ̀tì fóònù (ìyẹn ni pé á nu gbogbo inú ẹ̀ kó lè dà bíi tuntun), ẹlòmíì á daunlóòdù oríṣiríṣi áàpù tó ní òun lè bá a gbé e padà, ẹlòmíì á sáré lọ Ọláìyá lọ bá ẹni tí ò mọ̀ rí pé kó bá òun fláàṣì ẹ̀ (kó gbé ètò tuntun sórí fóònù náà), ibẹ̀ ni èyí tó ṣì wà níbẹ̀ á wá lọ pátápátá.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ pa dátà, ẹ pa Wi-Fi, ẹ má ya fọ́tò, ẹ má daunlóòdù nǹkan kan. Tí mẹ́sééjì bá paarẹ́, fóònù kì í gbá a dànù lójú ẹsẹ̀, ó kàn máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé àyè ibẹ̀ ti ṣófo ni, bí ìgbà tí wọ́n bá pa orúkọ èèyàn rẹ́ lára ṣọ́ọ̀bù kan n'Ígbọ̀nà tí ẹrù ẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀ títí ẹlòmíì á fi kó tiẹ̀ dé. Ìdí kejì tún lágbára ju ìyẹn lọ: tẹ́ ẹ bá ní bákọ́ọ̀pù (ẹ̀dà ohun inú fóònù tí wọ́n tọ́jú síbòmíì) lórí Google, tí fóònù wá wà lórí iná lóru tí Wi-Fi sì wà ní títàn, ó lè ṣe bákọ́ọ̀pù tuntun tí mẹ́sééjì yẹn ò sí nínú ẹ̀, á sì fi rọ́pò ti tẹ́lẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Ẹ ṣí áàpù Messages, ẹ tẹ àmì tí wọ́n fi ń wá nǹkan tó wà lókè, kẹ́ ẹ tẹ ọ̀rọ̀ kan tẹ́ ẹ mọ̀ dájú pé ó wà nínú mẹ́sééjì náà. Tó bá jẹ́ áléètì, ẹ tẹ iye owó yẹn tàbí orúkọ báńkì. Ẹ má wulẹ̀ máa fi ojú wá a láti òkè dé ìsàlẹ̀, torí tí déètì fóònù bá ti dàrú rí (ó máa ń ṣẹlẹ̀ tí bátìrì bá kú pátápátá), mẹ́sééjì òní lè lọ jókòó sáàárín ti ọdún mélòó kan sẹ́yìn.

Tí kò bá jáde, ẹ wo òkè lápá ọ̀tún, ẹ máa rí àmì roboto kékeré kan tó ní fọ́tò yín tàbí lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ yín nínú. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ máa rí Archived, ẹ tún máa rí Spam & blocked. Ibi méjì yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró sí dáadáa torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nǹkan máa ń wà, pàápàá lórí Tecno, Infinix, itel àti àwọn fóònù míì tó ń lo Messages ti Google.

Àǹtí kan wà l'Ọ́jà Ọba tó ń ta àdìrẹ, kọ́sítọ́mà ẹ̀ kan n'Íbàdàn ti tẹ mẹ́sééjì ránṣẹ́ sí i, iye yáàdì tó fẹ́, irú àwọ̀ tó fẹ́, àti ibi tí wọ́n máa wébìlì ẹ̀ sí. Nígbà tó máa fi di ọ̀sán, mẹ́sééjì ò sí mọ́, àǹtí sì ti ń pariwo mọ́ ọmọ ẹ̀ pé òun ló fi fóònù ṣeré tó fi pa á rẹ́. Ọmọ ò mọ nǹkan kan o! Inú Archived la ti bá a, gbogbo ẹ̀ pé pérépéré. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé lórí Messages, tẹ́ ẹ bá fi ìka fa mẹ́sééjì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, inú Archived ló ń lọ tààrà, kò ní bi yín léèrè, ó kàn máa gbé Undo kékeré kan jáde nísàlẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni. Ìka àǹtí tutù lọ́jọ́ yẹn, ó rò pé òun ń wo ìsàlẹ̀ ni, ó sì fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tẹ́ ẹ bá rí tiyín níbẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀, ẹ wá tẹ àmì àpótí tó ní ọfà tó kọjú sókè, ó ti padà síbi tó wà nìyẹn.

Spam & blocked ní tiẹ̀ ni áléètì sábà máa ń há sí, àti OTP (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n máa ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo), àti mẹ́sééjì láti sukúù àwọn ọmọ, torí orúkọ ni wọ́n fi ń ránṣẹ́, kì í ṣe nọ́ńbà, fóònù lè rò pé oníjìbìtì ni. Ẹ ṣí i, kẹ́ ẹ yọ ọ́ kúrò nínú spam kí èyí tó ń bọ̀ má tún lọ síbẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo Samsung, tó bá jẹ́ Samsung Messages ló wà lórí ẹ̀, ẹ tẹ àmì tó ní dọ́ọ̀tì mẹ́ta tó wà lókè, ẹ máa rí Trash tàbí Recycle bin, ohun tẹ́ ẹ bá pa rẹ́ máa ń wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 30 kó tó lọ. Ẹ tún lọ wo sẹ́tíńgì ẹ̀ bóyá Delete old messages wà ní títàn, torí tó bá wà ní títàn, tí mẹ́sééjì bá ti pọ̀ jù, fúnra ẹ̀ ni fóònù á máa pa èyí tó ti pẹ́ rẹ́. iPhone náà ní tiẹ̀ láti iOS 16: ẹ tẹ Edit tàbí Filters lókè ojú ewé mẹ́sééjì, ẹ máa rí Recently Deleted, ọjọ́ 30 lòun náà, ó lè fà dé 40. Ẹ tún wo Unknown Senders níbẹ̀.

Ṣé ẹ ní Truecaller, áàpù tó máa ń fi orúkọ ẹni tó ń pè yín hàn? Ẹlòmíì á ti tẹ Yes nígbà tó ní kí wọ́n jẹ́ kóun máa gba mẹ́sééjì, látìgbà náà áàpù tó mọ̀ á wá dá bíi pé ó ṣófo. Ẹ lọ sí Settings, Apps, Default apps, SMS app, kẹ́ ẹ dá a padà sí Messages. Ibì kan náà ni fóònù ń tọ́jú SMS sí, áàpù kàn ń kà á jáde ni, torí náà ẹ ò ní pàdánù nǹkan kan. Tó bá sì jẹ́ pé inú fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì lẹ ti yọ síìmù, mẹ́sééjì àtijọ́ lè wà nínú fóònù yẹn tàbí lórí síìmù fúnra ẹ̀. Ẹ wo SIM card messages nínú sẹ́tíńgì Messages.

Ó tún lè jẹ́ pé mẹ́sééjì ò dé rárá. Tí fídíò WhatsApp bá ti kún fóònù fọ́fọ́, kò ní sáyè tí SMS máa jókòó sí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á dì í mú díẹ̀, á tún gbìyànjú, tó bá yá á jù ú nù. Ẹ pa fídíò díẹ̀ rẹ́, kẹ́ ẹ pa fóònù kẹ́ ẹ tún tàn án. Tẹ́ ẹ bá sì ti fi STOP ránṣẹ́ sí 2442 rí, ètò DND (Do Not Disturb, ìyẹn ẹ má yọ mí lẹ́nu) ti NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì, lẹ wọ̀ yẹn, mẹ́sééjì àwọn tó ń polówó ọjà ò lè dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ fi STATUS ránṣẹ́ sí 2442 kẹ́ ẹ fi mọ ibi tẹ́ ẹ wà.

Tẹ́ ẹ bá ti wo gbogbo èyí tí kò sí, ẹ pe ẹni tó fi ránṣẹ́! Ó ṣì wà lórí fóònù tiẹ̀, kó tún un fi ránṣẹ́ ni. Áléètì, ẹ wo áàpù báńkì tàbí ímeèlì, tàbí kẹ́ ẹ lọ gba stéétímẹ́ǹtì ní báńkì. Àìmọye èèyàn ló ti da ara ẹ̀ láàmú lórí ohun tí stéétímẹ́ǹtì máa fi hàn kedere.

Ọ̀rọ̀ bákọ́ọ̀pù ló gba sùúrù. Lórí Android, ẹ lọ sí Settings, Google, Backup, ẹ wo ọjọ́ tó ṣe bákọ́ọ̀pù kẹ́yìn. Tí ọjọ́ yẹn bá ṣáájú ọjọ́ tí mẹ́sééjì lọ, tí SMS sì wà nínú ẹ̀, ìrètí wà, ṣùgbọ́n ìgbà tẹ́ ẹ bá ń ṣètò fóònù tuntun tàbí èyí tẹ́ ẹ rísẹ́ẹ̀tì nìkan ló máa dá a padà. Ẹ má rísẹ́ẹ̀tì láìwo ọjọ́ yẹn, mo bẹ̀ yín. Tẹ́ ẹ bá sì ti pa fóònù àtijọ́ tì fún ọjọ́ 57, Google á pa bákọ́ọ̀pù ẹ̀ rẹ́. Fún iPhone, tí Messages in iCloud bá wà ní títàn, ohun tẹ́ ẹ bá pa rẹ́ níhìn-ín á paarẹ́ lórí iPad náà, ẹ má gbọ́kàn lé e bí bákọ́ọ̀pù.

Àwọn áàpù tó ní àwọn á gbé mẹ́sééjì tó ti paarẹ́ padà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sanwó fún wọn. Fóònù òde òní máa ń ti ohun inú ẹ̀ pa, áàpù lásán ò lè wo ibẹ̀ àfi tí wọ́n bá rúùtù fóònù (kí wọ́n já ààbò inú ẹ̀ kí áàpù lè dé ibi gbogbo), ṣíṣí tí wọ́n á ṣí bootloader (ètò tó ń tan fóònù) kí wọ́n tó rúùtù ẹ̀ sì máa ń nu gbogbo inú fóònù. Ẹni tó bá pè yín tó ní òun láti báńkì tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, pé kẹ́ ẹ ka OTP tàbí PIN fóun kóun lè bá yín gbé áléètì padà, olè ni, ẹ pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tàbí gbèsè tó ti fẹ́ dé kọ́ọ̀tù, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún fọwọ́ kan fóònù yẹn, lọ́yà ni kẹ́ ẹ gbé e lọ bá.

Láti òní lọ, ẹ fi SMS Backup & Restore sórí Android yín, ó wà lórí Play Store. Ẹ ní kó máa tọ́jú mẹ́sééjì sórí Google Drive lójoojúmọ́, torí èyí ò nílò rísẹ́ẹ̀tì kó tó dá a padà. Tẹ́ ẹ bá tẹ Restore, ó máa ní kẹ́ ẹ jẹ́ kóun di áàpù SMS fúngbà díẹ̀, ẹ gbà fún un, tó bá wá parí, ẹ dá Messages padà sípò ẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kí mẹ́sééjì tuntun lè máa wọlé bó ṣe yẹ.