Bí Ẹ Ó Ṣe Fi Ìgbéyàwó Ọdún 1898 Ṣeré ní Ṣọ́ọ̀ṣì

Ẹ̀yin ìjọ Ékìtì tó fẹ́ ṣe eré yìí lọ́jọ́ àjọ̀dún, ẹ kọ́kọ́ gbé maikirofóònù kúrò nílẹ̀. Kí ẹni tó ń ṣe katikíìsì, olùkọ́ ìjọ, kéde orúkọ ọkọ àti ìyàwó lẹ́ẹ̀mẹta, bíi ti Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta tí ṣọ́ọ̀ṣì fi ń kéde wọn kí ìgbéyàwó tó wáyé. Ibẹ̀ lẹ̀rín wà: ẹ fi ìyá àgbà kan sẹ́yìn, kó máa kùn pé, “A ti jẹ iṣu àna tán, kí ni wọ́n tún ń kéde?”

Aṣọ ni mo máa ń bá wọn jà sí jù. Ẹ má wọ léèsì! Kíjìpá ni, aṣọ tí àwọn ìyá wa ń hun nílé, tó nípọn, tó wúwo léjìká.

Bíbélì Yorùbá lódindi ti wà láti 1884, ẹ má fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé. Oúnjẹ? Iyán. Ẹni tó bá gbé jọ̀lọ́ọ̀fù wá, kó gbé e padà.