Bí a Ṣe Ń Fi Ọ̀nà Ìfirọ́pò Yanjú Ìdọ́gba Méjì

Ẹnì kan ra àkàrà mẹ́ta àti ẹ̀kọ kan ní 500 náírà; ẹlòmíràn ra àkàrà márùn-ún àti ẹ̀kọ méjì lọ́wọ́ ìyá alákàrà kan náà, ó sì san 900 náírà. Èló ni àkàrà kan, èló sì ni ẹ̀kọ kan? Irú ìbéèrè yìí kò ṣàjèjì sí àwọn tó ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò WAEC. Ìdọ́gba kan ṣoṣo kò lè dáhùn rẹ̀, nítorí pé ohun méjì ni a kò mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a pe owó àkàrà kan ní x, kí a pe ti ẹ̀kọ kan ní y, kí a sì kọ ohun tí àwọn méjèèjì rà sílẹ̀ báyìí:

3x + y = 500 (ìdọ́gba kìn-ín-ní)
5x + 2y = 900 (ìdọ́gba kejì)

Ẹ kọ́kọ́ wá lẹ́tà tí nọ́ńbà kankan kò ṣáájú rẹ̀. Ẹ má ṣe fojú kékeré wo yíyàn yìí, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti ń rọrùn tàbí kí ó le. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ni y inú ìdọ́gba kìn-ín-ní, nítorí náà a ó gbé 3x kọjá àmì ọgbọọgba:

y = 500 − 3x

Bí ó bá jẹ́ x inú ìdọ́gba kejì ni a yàn, ìdá márùn-ún ni a ó máa bá jà títí a ó fi parí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ sínú ìdọ́gba kejì, ẹ yọ y kúrò, kí ẹ sì fi 500 − 3x rọ́pò rẹ̀ nínú àkámọ́:

5x + 2(500 − 3x) = 900

Àkámọ́ yìí gan-an ni ó yẹ kí a ṣọ́ra fún jù. Ohun méjèèjì tó wà nínú rẹ̀ ni 2 ìta gbọ́dọ̀ sọ di ìlọ́po méjì, kì í ṣe 500 nìkan:

5x + 1000 − 6x = 900

Ẹni tó bá kọ 1000 − 3x yóò bá −50 pàdé, bẹ́ẹ̀ owó àkàrà kò lè kéré sí òdo. Irú èsì bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ fi mọ̀ pé àṣìṣe ti wọlé. Nígbà tí a bá kó x jọ, a ó ní 1000 − x = 900, nítorí náà x = 100. Ẹ fi 100 sí ipò x nínú y = 500 − 3x, y yóò sì jẹ́ 200.

Ẹ yẹ èsì wò nínú ìdọ́gba méjèèjì: 300 + 200 = 500; 500 + 400 = 900.

Ẹ má ṣe dá 500 − 3x padà sínú ìdọ́gba kìn-ín-ní tí ó ti wá, nítorí pé 500 = 500 nìkan ni yóò fún yín. Àmọ́ nígbà mìíràn, lẹ́tà máa ń pòórá láìsí àṣìṣe kankan. Ká ní ẹnì kejì ra àkàrà mẹ́fà àti ẹ̀kọ méjì ní 1,000 náírà, 1000 = 1000 ni a ó rí: ọjà ẹni àkọ́kọ́ ni ó rà ní ìlọ́po méjì, a kò sì rí ohun tuntun kọ́ nínú rẹ̀. Bí ó bá san 1,100, 1000 = 1100 ni yóò jáde; kò sí ìdáhùn, nítorí pé ìyá alákàrà kò ta ọjà fún àwọn méjèèjì ní iye kan náà.