Ẹni Tí Ò Mọ̀ Ló Ń Bá Ọ Gbé Iṣẹ́ Tí O Rán

Níbi tí nẹ́tíwọ́kì ò dé, fóònù tó ní áàpù fún un lè fi Bluetooth tàbí Wi-Fi gba iṣẹ́ tí a rán lọ́wọ́ ara wọn. Tèmi á fún tìrẹ, tìrẹ á gbé e rìn títí yóò fi pàdé òmíràn, títí yóò fi kan ẹni tó ni ín. Àwọn àgbà ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Má retí ìyẹn lọ́wọ́ fóònù àjèjì. Ó lè ka iṣẹ́ náà, ó lè yí i padà, ó sì lè gbé e sọnù.

Kọ́kọ́rọ́, ìyẹn àmì tí áàpù fi ń dá ẹnìkọ̀ọ̀kan mọ̀, tó sì fi ń ti ọ̀rọ̀ pa kí ẹlòmíràn má lè kà á, ni kí o kọ́kọ́ mójú tó. Nínú ẹgbẹ́ kan tí a jọ máa ń gun òkè, ẹnìkan fi orúkọ aṣáájú wa ṣe tirẹ̀ lórí áàpù, ó ránṣẹ́ pé ibi tí a ó ti pàdé ti yí padà. Àwa mẹ́ta la lọ dúró síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ orúkọ tó bá wù ú sójú fóònù.

Nítorí náà, kí ẹ tó gbéra, ẹ dúró ojúkojú. Lórí Briar, ọ̀kan lára irú áàpù yìí, ìwọ á fi kámẹ́rà ka QR code ọ̀rẹ́ rẹ, òun náà á ka tìrẹ. Kọ́kọ́rọ́ yín ti dé ọwọ́ ara yín nìyẹn. Má gba àwòrán QR code tí ẹlòmíràn bá ọ mú wá, torí ó lè ti fi tirẹ̀ rọ́pò. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá pààrọ̀ fóònù, ẹ tún un ṣe.

Rí i dájú pé áàpù náà ń ti ọ̀rọ̀ rẹ pa kó tó kúrò lórí fóònù rẹ. Ní 2020, àwọn olùṣèwádìí ní Royal Holloway, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan lábẹ́ Yunifásítì London, fi hàn pé àwọn lè ka ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ lórí Bridgefy, irú áàpù yìí mìíràn, kí àwọn sì ṣe bí ẹni tí àwọn kì í ṣe. Fi ẹ̀dà tuntun sí áàpù rẹ (update) nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ṣì wà.

Títì pa kò ní kí fóònù burúkú má jù ú nù o. Gba ọ̀nà tó ju ẹyọ kan lọ rán iṣẹ́ pàtàkì, kí o sì bèèrè èsì. Má rí orúkọ mẹ́wàá kí o pè é ní ènìyàn mẹ́wàá. Fóònù kan ṣoṣo lè dá gbogbo wọn.

Bí ẹ bá ti ṣe tán, pa Bluetooth. Bó bá wà ní títàn, ẹni tó wà nítòsí lè mọ̀ pé fóònù rẹ wà níbẹ̀, bí kò tilẹ̀ rí ọ̀rọ̀ kankan kà.