Fọ́tò tí Bàbá rán mi lọ yà ní ilé Lord Line

Bàbá ló rán mi níṣẹ́ yìí. Kì í ṣe bàbá tó bí mi. Òyìnbó ni, ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, ọ̀kan lára àwọn àgbàlagbà tí mò ń tọ́jú nílùú Hull, létí Odò Humber, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnu mi kò gba kí n máa pe ẹni tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀ lórúkọ bí wọ́n ṣe ń ṣe níbí, ni mo bá ń pè é ní Bàbá. Nígbà tí mo sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún un, inú rẹ̀ dùn sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí mo ṣe ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un, ó béèrè iṣẹ́ tí ìyá mi ń ṣe nílé. Mo ní panla ló ń tà, ní Orítamẹ́rin n'Ìbàdàn. Kò mọ ohun tó ń jẹ́ panla. Mo fi fọ́tò ìsọ̀ ìyá mi hàn án lórí fóònù: panla tó gbẹ bí igi, orí ẹja lọ́tọ̀, ara ẹja lọ́tọ̀. Ó gba fóònù náà lọ́wọ́ mi, ó wò ó títí. Ó ní, "Kọ́ọ̀dù nìyí. Ẹja tiwa nìyí."

Ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ̀ pé apẹja ni. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni nígbà tó kọ́kọ́ bá ọkọ̀ apẹja lọ sí òkun tó yí Iceland ká. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí omi, ọjọ́ mẹ́ta nílé, wọ́n tún ti lọ. Olówó ọlọ́jọ́ mẹ́ta ni àwọn ará ìlú ń pè wọ́n, torí pé láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn ni wọ́n ń ná gbogbo ohun tí wọ́n bá gbà: takisí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, kóòtù tuntun, ọtí fún ẹni tí wọ́n mọ̀ àti ẹni tí wọn ò mọ̀. Ẹnu ìyẹn ló wà tó fi béèrè bóyá mo lè bá òun dé dọ́ọ̀kì St Andrew's, èbúté tí àwọn ọkọ̀ apẹja ti ń gbéra, kí n wò ó bóyá ọ́fíìsì kan tí wọ́n ń pè ní Lord Line ṣì wà lórí ìdúró. Níbẹ̀ ló ti máa ń gbowó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e débẹ̀ mọ́. Ó ní kí n ya fọ́tò rẹ̀ wá.

Ó wá kìlọ̀ fún mi. Mi ò gbọ́dọ̀ wọ aṣọ aláwọ̀ ewé lọ, mi ò sì gbọ́dọ̀ fọ aṣọ lọ́jọ́ náà. Èèwọ̀ àwọn apẹja Hull ni. Obìnrin tó bá fọ aṣọ lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ wọkọ̀, omi yóò gbá ọkọ rẹ̀ lọ ni, bí wọ́n ṣe gbà á gbọ́ nìyẹn. Ìyàwó kì í sin ọkọ dé etí omi láti juwọ́ sí i. Ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ ẹlẹ́dẹ̀ nínú ọkọ̀. Ilé tí wọ́n ti ń pa èèwọ̀ mọ́ ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, kò ṣòro fún mi láti gbà. Kóòtù òtútù kan ṣoṣo tí mo ní, àwọ̀ ewé ni. Mo yá dúdú lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi.

Mi ò dá lọ. Ilé tó ti di ahoro, pákó ilẹ̀ rẹ̀ lè ti jẹrà kí ojú má rí i. Àbúrò kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, ló sìn mí. A wọ bàtà tí ìtẹ̀lẹ̀ rẹ̀ nípọn nítorí àfọ́kù ìgò, a mú tọ́ọ̀ṣì méjì, ìbọ̀wọ́, àti ìbòmú nítorí eruku àti ìgbẹ́ ẹyẹlé. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n wa kan ní ṣọ́ọ̀ṣì pé bí wọn ò bá gbúròó wa títí di aago méjì ọ̀sán, kí wọ́n wá wa wá. A sì ti jọ sọ ọ́ kalẹ̀ pé a ò ní já ilẹ̀kùn kankan, a ò ní mú ohunkóhun jáde níbẹ̀. Bí kò bá sí ibi tó ṣí sílẹ̀, ìta la ó ti ya fọ́tò.

Hessle Road la ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn. Àdúgbò àwọn apẹja nìyẹn láyé ìgbà náà, àwọn ọkùnrin lórí omi, àwọn obìnrin nílé ẹja, níbi tí wọ́n ti ń fi ọ̀bẹ la kọ́ọ̀dù láti òwúrọ̀ dalẹ́. A sọdá títì ńlá kan tí wọ́n fi sọrí Clive Sullivan. Àbúrò mi kò mọ ẹni tó jẹ́. Mo sọ fún un pé ọmọ aláwọ̀ dúdú láti Cardiff ni, Hull ló ti fi rugby lókìkí, òun sì ni balógun ikọ̀ Great Britain tó gba ife àgbáyé lọ́dún 1972. Ó dúró, ó ya fọ́tò pátákó títì náà fún ara rẹ̀.

Lọ́dún 1883 ni wọ́n ṣí dọ́ọ̀kì St Andrew's. Èédú ni wọ́n ní lọ́kàn pé wọ́n á máa kó níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹja ló gba gbogbo rẹ̀. Ní báyìí, wọ́n ti kó iyẹ̀pẹ̀ dí apá kan rẹ̀, wọ́n sì ti kọ́ àwọn ilé ìtajà ńlá lé e. Ẹni tó bá wá ra bàtà níbẹ̀ lè rà á tán kó padà sílé láìmọ̀ pé orí omi lòun dúró sí. A rìn kọjá ibi tí mọ́tò pọ̀ sí. Títì mọ́ tónítóní kò sí mọ́, koríko ti gba ilẹ̀, afẹ́fẹ́ odò sì ń fẹ́ wá láìsí ohun tó dí i.

Ibẹ̀ la ti rí i. Ilé gígùn, ojú fèrèsé rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní gíláàsì kan tó kù. Ọdún 1949 ni wọ́n kọ́ ọ fún ilé iṣẹ́ Lord Line, tó ní àwọn ọkọ̀ apẹja. Mo ti rò pé ilé kékeré tó ti wó sí ẹ̀gbẹ́ kan ni mo máa bá. Àyà mi já nígbà tí mo rí bó ṣe tóbi tó. Owó ló kọ́ ilé yẹn, owó ẹja.

Ojú ọ̀nà kan wà tí kò ní ilẹ̀kùn mọ́. A tan tọ́ọ̀ṣì, a dúró níbẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mélòó kan, à ń gbọ́ bóyá ẹnì kan wà nínú. Ẹyẹlé nìkan ló ń lu apá. Nínú ilé, gíláàsì ló ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ wa ní gbogbo ìgbésẹ̀. Àjà ti já wálẹ̀, ó rọ̀ bí búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Wọ́n ti fa gbogbo wáyà tó wà lára ògiri yọ, ojú ihò rẹ̀ la rí. Àwọn ọ̀dọ́ ti fi ọ̀dà kọ orúkọ ara wọn káàkiri. Òórùn rẹ̀ ni mi ò tíì gbàgbé: ọ̀rinrin, eruku, àti nǹkan bí irin tó ti dípẹtà.

Bàbá ti ní kí n wá ojú ihò tí akọ̀wé máa ń gbà na owó sí wọn. Ó ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, pé béèyàn bá wọlé, apá ọ̀tún ni. A wá apá ọ̀tún, a tún wá apá òsì. Wọ́n ti wó àwọn ògiri inú débi pé yàrá kan kò yàtọ̀ sí òmíràn. Mi ò rí i. Mo ya fọ́tò gbogbo igun tó ṣeé ṣe kó jẹ́, mo ní bóyá òun á dá a mọ̀.

Àbúrò mi ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká máa lọ." Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí àtẹ̀gùn, kọnkéré sì ni. A rọra gùn ún, ẹ̀gbẹ́ ògiri la ń rìn mọ́, torí pé ẹ̀gbẹ́ ògiri ló máa ń lágbára jù nínú ilé tó ti gbó. Mo máa ń fi ẹsẹ̀ kan tẹ ibẹ̀ wò kí n tó gbé ara lé e. Nígbà tá a dókè, mo lọ sójú fèrèsé tó kọjú sí odò.

Gbogbo rẹ̀ wà nísàlẹ̀ mi. Ẹnu ọ̀nà tóóró tí ọkọ̀ máa ń gbà jáde nínú dọ́ọ̀kì rèé, ẹrẹ̀ Humber ti kún un, koríko ti hù lórí ẹrẹ̀ náà. Ní òpin ògiri òkúta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ibi rìbìtì kan tí wọ́n ń pè ní Bullnose. Bàbá ti sọ fún mi nípa rẹ̀. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ ìkẹyìn tí ọkọ̀ ń gbà kọjá kó tó bọ́ sí odò, láti odò sí òkun. Bí ẹnì kan bá fẹ́ pariwo ó dàbọ̀, ibẹ̀ ló ti ń pariwo.

Mo dúró síbẹ̀ pẹ́. Ohun tó dé bá mi lọ́kàn ni pé ẹni tó bá jókòó nínú ọ́fíìsì yìí, tí ìwé owó wà níwájú rẹ̀, yóò máa rí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń lọ. Ìyàwó ẹni tó ń lọ kò gbọ́dọ̀ rí i. Ilé ló gbọ́dọ̀ wà, aṣọ ìdọ̀tí gbọ́dọ̀ wà nínú agbọ̀n, kó máa retí.

Èèwọ̀ yẹn ni obìnrin Hull kan, Lillian Bilocca, kọjá lọ́dún 1968. Láàárín oṣù Kìíní sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì ọdún yẹn, ọkọ̀ apẹja mẹ́ta láti Hull ló rì: St Romanus, Kingston Peridot àti Ross Cleveland. Ènìyàn 58 ló bá a lọ. St Romanus kò ní òṣìṣẹ́ rédíò tó lè máa bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀. Ross Cleveland wà nínú ìjì létí Iceland, yìnyín dì mọ́ ọn lára títí ó fi dojú dé. Ọ̀gá ọkọ̀ náà ráyè sọ̀rọ̀ lórí rédíò kó tó rì, ó ní kí wọ́n bá àwọn kí ìyàwó àti ẹbí wọn, pé àwọn fẹ́ràn wọn. Harry Eddom nìkan ló yè nínú àwọn tó bá ọkọ̀ náà rì. Bilocca, obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nílé ẹja, kó àwọn obìnrin jọ, wọ́n gba ìbuwọ́lùwé tó lé ní 10,000, wọ́n wá sí dọ́ọ̀kì yìí gan-an. Ó gbìyànjú láti fò sínú ọkọ̀ tó ń lọ láìní òṣìṣẹ́ rédíò, àwọn ọlọ́pàá ló dì í mú. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n bá àwọn mínísítà sọ̀rọ̀, ìjọba sì gba ohun tí wọ́n béèrè. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n sì ń kọ lẹ́tà èébú sí i. Ó dùn mí pé irú obìnrin bẹ́ẹ̀ jìyà ohun tó yẹ kí wọ́n fi dá a lọ́lá.

Ohun tó pa dọ́ọ̀kì náà kì í ṣe ìjì. Lọ́dún 1958, Iceland ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ pẹja láàárín máìlì 12 sí etíkun òun. Lọ́dún 1972 ó di 50. Lọ́dún 1975 ó di 200. Ọkọ̀ ìjọba wọn ń gé okùn àwọ̀n àwọn ará Hull lójú omi. Wọ́n ti dọ́ọ̀kì St Andrew's pa lọ́dún 1975, lọ́dún 1976 ni Gẹ̀ẹ́sì sì gbà fún Iceland. Àwọn bíi Bàbá, tó ti lo ogún ọdún lórí omi, wọ́n kà wọ́n sí òṣìṣẹ́ ojúmọ́, wọn ò rówó ìdádúró gbà. Ọdún 2000 ni ìjọba tó gbé ètò owó gbà-má-bínú kan kalẹ̀ fún wọn, nígbà tí ọ̀pọ̀ ti kú.

Iceland ló wá ń pa kọ́ọ̀dù òkun yẹn títí di òní. Wọ́n ń sá orí rẹ̀ gbẹ, Nàìjíríà sì ni wọ́n ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wá. Orí panla tí mo jókòó tì nígbà tí mò ń ṣiṣẹ́ àṣetiléwá nísọ̀ ìyá mi, ibẹ̀ ló ti wá. Mo ya fọ́tò láti ojú fèrèsé yẹn, mẹ́ta, mẹ́rin. A sọ̀ kalẹ̀. Mo rìn dé Bullnose, mo fọwọ́ kan òkúta rẹ̀. Ó tutù púpọ̀. Mo gbàdúrà ráńpẹ́ ní Yorùbá fún àwọn tí omi gbé lọ, àbúrò mi ṣe àmín. Aago kan ọ̀sán kọjá díẹ̀ nígbà tí mo pe ẹ̀gbọ́n wa pé a ti jáde.

Lọ́jọ́ Ajé, mo gbé àwọn fọ́tò náà fún Bàbá. Ó kọ́kọ́ béèrè àwọ̀ kóòtù tí mo wọ̀. Ó wo àwọn yàrá ìsàlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò dá ojú ihò ìsanwó náà mọ̀ nínú èyíkéyìí. Nígbà tó dé orí fọ́tò tí mo yà látòkè, ó dákẹ́. Ó béèrè ibi tí mo dúró sí. Mo ní lókè ni, lójú fèrèsé.

Ó ní òun kò dókè yẹn rí. Ìsàlẹ̀ ni àwọn apẹja ń dé, wọ́n á gbowó, wọ́n á jáde. Gbogbo ìgbà tí òun bá kọjá níwájú Bullnose, inú ọkọ̀ lòun máa ń wà, òun á gbójú sókè, òun á máa rí àwọn ènìyàn lójú fèrèsé. Kò mọ bí àwọn ṣe rí lójú tiwọn.

Ó fi ìka rẹ̀ tẹ fọ́tò náà kó lè tóbi sí i, ó ń wá ibi tí ẹrẹ̀ pin sí. "Ibí yìí la ti máa ń yí," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó ní kí n tẹ èyí nìkan jáde fún òun, kó fẹ̀ dáadáa.