Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra ọmọ ajá Caucasian

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí i pé ọmọ Caucasian ló wà lóde báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó wọlé.

Ajá olùṣọ́ àgùntàn ni. Lórí òkè Caucasus, ní Georgia, Armenia àti Azerbaijan, ìkookò ló ń lé. Kò sí ẹni tó ń pàṣẹ fún un lóru níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń pinnu ẹni tó jẹ́ ọ̀tá. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ máa fi ní kó jókòó, tó máa kọ́kọ́ wò yín lójú ná. Bí àlejò bá kan géètì, ẹ tì í mọ́ ilé rẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣílẹ̀kùn. Ẹ má wulẹ̀ sọ pé "kì í géni jẹ". Láti kékeré ni kẹ́ ẹ ti jẹ́ kó mọ ọmọdé, aláàárù àti ariwo jẹnẹrétọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fá irun rẹ̀ nítorí ooru! Irun yẹn ló ń gba oòrùn dúró fún awọ ara rẹ̀. Kóòmù ni kẹ́ ẹ máa fi yà á, kí èyí tó ti kú nísàlẹ̀ lè jáde. Bẹ́ ẹ bá wẹ̀ ẹ́, ẹ nù ún títí yóò fi gbẹ dé awọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ egbò ló ń dà. Ibòji, omi lọ́pọ̀lọpọ̀, fáànù bí iná bá wà. Òwúrọ̀ kùtù tàbí alẹ́ ni kẹ́ ẹ máa mú un jáde. Tó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ tó sì ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ẹ da omi sí i níkùn àti abẹ́ itan, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko kíá.

Eégbọn náà ń bẹ o: inú etí àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni wọ́n ń sá sí.