Oúnjẹ Àárọ̀ Àdúrà Fún Àwọn Tí Oògùn Apàrora Ti Di Bárakú Fún: Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣètò Rẹ̀

Oúnjẹ kọ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wá òṣìṣẹ́ ìlera tó mọ ìtọ́jú bárakú dunjú, tó lè gba orúkọ èèyàn sílẹ̀ fún ìtọ́jú láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ sún ọjọ́ síwájú. Àdúrà a máa rọ ọkàn ẹlòmíì débi tí yóò fi sọ pé òun fẹ́ jáwọ́; bó bá di ọ̀la, ara ríro, ìgbẹ́ gbuuru àti àìsùn lè ti dá a padà sídìí oògùn.

Wákàtí méjì tó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹun fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú kí ẹnikẹ́ni tó gba gbohùngbohùn, nítorí ẹni tí ojú ń tì máa ń fara balẹ̀ bó bá ti ń jẹun. Èèyàn mẹ́fà sí mẹ́jọ ni kó wà nídìí tábìlì kan. Ẹ má ya tábìlì sọ́tọ̀ fún "àwọn tó ń lo oògùn", ẹ má sì pè wọ́n jáde síwájú. Kò sí fọ́tò o.

Ẹni tó bá máa jẹ́rìí, ìṣẹ́jú méje ni. Kó má ṣe ṣàlàyé bó ṣe ń lo oògùn tàbí iye tó ń lò. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń ta ọkàn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáwọ́ jí.

Àṣìṣe tó burú jù rèé: kí ẹni tó ń gbàdúrà sọ pé ẹni tí Ọlọ́run bá dá nídè kì í lo oògùn mọ́. Ẹni tó wà lórí methadone tàbí buprenorphine, ìyẹn àwọn oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú bárakú yìí, lè délé kó da ìtọ́jú rẹ̀ nù. Ara rẹ̀ kò ní lè gba iye oògùn tó ń lò tẹ́lẹ̀ mọ́. Bó bá padà sídìí rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, èémí lè dá. Ẹ kọ èyí sínú ìwé fún gbogbo ẹni tó máa gbàdúrà, ẹ sì bá wọn kà á.

Ẹ ya ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sọ́tọ̀ láti fi kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń lo naloxone tí wọ́n ń fín sí imú, ìyẹn oògùn tó ń mú kí ẹni tó lo irú oògùn apàrora yìí lálòjù padà máa mí. Àmì àlòjù ni pé ẹni náà kò jí, èémí rẹ̀ ń fà tàbí ó ń hanrun bí ẹni omi há lọ́fun, ètè àti èékánná rẹ̀ ti ṣú, ọmọlójú rẹ̀ sì kéré bí orí abẹ́rẹ́. Ẹ pè é, ẹ fi oríkèé ìka ra egungun àárín àyà rẹ̀. Bí kò bá dáhùn, ẹ pe àwọn olùrànlọ́wọ́ pàjáwìrì. Ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ẹ ti ẹnu ìgò náà bọ ihò imú kan, kí ẹ sì tẹ ìdí rẹ̀ dópin. Ẹ má dán an wò nínú afẹ́fẹ́ o! Ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan péré ló wà nínú rẹ̀, ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń fi ṣòfò. Bí kò bá mí dáadáa, ẹ fún imú rẹ̀ pa, kí ẹ máa fẹ́ èémí sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún márùn-ún. Bí ìṣẹ́jú 2 sí 3 bá kọjá tí kò jí, ẹ fín òmíràn sí ihò kejì. Bó bá ti ń mí, ẹ fi í dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ má fi í sílẹ̀: agbára naloxone máa ń tán láàárín ìṣẹ́jú 30 sí 90, oògùn tó lò sì lè ṣì wà lára rẹ̀.

Bí ètò bá parí, ẹ fún tábìlì kọ̀ọ̀kan ní naloxone tí wọ́n máa mú lọ sílé. Kí wọ́n má fi í sínú ọkọ̀ tó wà nínú oòrùn. Àwọn tó gbà kí ẹ pè wọ́n, ẹ pè wọ́n kí ọjọ́ méjì tó pé, ẹ tún pè wọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.